Póìǹtì Kì í Ṣe Owó: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ẹ̀bùn Orí Fóònù

Lọ́dún 2022, Google kó 20 bílíọ̀nù dọ́là fún Apple. Apple kò bá wọn kọ́lé, kò sì ta ilẹ̀ fún wọn. Ohun tí owó náà wà fún ni pé tí ẹni tó ní iPhone bá ṣí Safari, áàpù tí wọ́n fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, tó tẹ ìbéèrè sí i, ọ̀dọ̀ Google ni kí ìbéèrè náà gbà lọ. Ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ni iye yìí ti hàn sí gbangba, nínú ẹjọ́ tí Adájọ́ Amit Mehta ti sọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 pé Google rú òfin kó lè máa nìkan jẹ gàba lórí ọ̀rọ̀ wíwá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Microsoft náà ń wá àwọn tó máa bi Bing, ẹ̀rọ ìwánǹkan tiẹ̀, ní ìbéèrè, àmọ́ ẹ̀yin gan-an ló ń fún ní nǹkan. Ẹ wá "bí wọ́n ṣe ń yọ epo pupa kúrò lára aṣọ funfun", wọ́n á sọ póìǹtì díẹ̀ sí yín lápò. Ẹ wá a lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á tún sọ díẹ̀ sí i.

Nítorí náà, ìbéèrè yín lówó lórí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ká tó máa bọ̀.

Mo fẹ́ràn ẹ̀bùn o. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ràn àwúùfù, ẹ yẹ àpò rẹ̀ wò. Mo ń gba cashback, ìyẹn owó díẹ̀ tí wọ́n ń dá padà fún ẹni tó rajà, lórí kírẹ́díìtì, mo sì ń gba póìǹtì níbi tí wọ́n bá ti ń fún mi. Àbúrò mi tó wà ní London tiẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè Google Opinion Rewards, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2013. Wọ́n á bi í pé ilé ìtajà wo ló yà sí lánàá, bí ẹni pé wọn ò mọ̀, á dáhùn, wọ́n á sì fún un ní owó táṣẹ́rẹ́ tó lè fi ra nǹkan lórí Google Play. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ló ti ń dáhùn rẹ̀, kò sì sí ohun tó fẹ́ ṣe nínú bọ́ọ̀sì náà tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo rí lára wa kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀bùn tó bá bá yín lójú ọ̀nà tí ẹ ti ń lọ, ẹ mú un. Èyí tó bá ní kí ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà, iṣẹ́ ló gbé fún yín, kò sì sọ iye tó máa san. Ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ kà yìí ti ń wá.

Ẹ má pe póìǹtì ní owó

Ìyá tó ń ta gààrí lọ́jà Bódìjà, tó bá wọn kóńgò kan tán, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì nìyẹn. Ẹ fojú rí i, ó bọ́ sínú ọ̀rá yín, ẹ gbé e lọ sílé. Ìyá náà ò lè ránṣẹ́ sí yín lóṣù tó ń bọ̀ pé èènì ìjẹta ti dín sí ìdajì, tàbí pé òun ti gbà á padà torí ẹ ò yọjú sọ́jà mọ́. Póìǹtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó fún yín ló ṣì wà. Òun ló ń pinnu iye tí ẹyọ kan jẹ́, òun ló ń pinnu ohun tí ẹ lè fi rà, òun náà ló sì ń pinnu ọjọ́ tó máa kú. Fáwọ́ṣà, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń rajà, tí ilé ìtajà Tesco ní Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn tó ní Clubcard, káàdì ẹ̀bùn wọn, ọdún méjì péré ló ní. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Ìtàn kan wà tó máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí dá owó gidi padà fún àwọn tó bá gba inú ẹ̀rọ ìwánǹkan wọn lọ ra ọjà. Bill Gates fúnra rẹ̀ ló jáde wá kéde rẹ̀. Owó tó ṣe é ná ni, kì í ṣe ìràwọ̀, kì í ṣe káàdì. Ní oṣù keje ọdún 2010, wọ́n pa á tì. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni Bing Rewards dé, èyí tí wọ́n sọ di Microsoft Rewards lọ́dún 2016. Ẹ ò rí i bí? Owó lọ, póìǹtì gbapò rẹ̀. Microsoft ò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní dọ́là ti di kọ́bọ̀, torí kì í ṣe òun ló ń tẹ dọ́là. Póìǹtì ńkọ́? Òun ló bí i, òun ló sọ ọ́ lórúkọ, ó sì lè dín oúnjẹ rẹ̀ kù nígbà tó bá wù ú.

Ti Starbucks, àwọn oníkọfí Amẹ́ríkà, tún yàtọ̀. Wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ kó owó sórí áàpù, kí wọ́n lè fún yín ní ìràwọ̀ tí ẹ máa fi gba kọfí ọ̀fẹ́. Owó tí àwọn oníbàárà ti kó síbẹ̀ tí wọn ò tíì mu kọfí rẹ̀ ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ẹ̀yin lẹ yá wọn lówó o, láìgba kọ́bọ̀ èlé, wọ́n sì tún ń kí yín kú oríire.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí kó póìǹtì jọ, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé mélòó ló máa di gift card tàbí kírẹ́díìtì. Ẹ fi iye póìǹtì pín iye owó, kí ẹ mọ ohun tí ẹyọ kan jẹ́. Ojú máa ń ti àwọn ilé-iṣẹ́ kan láti kọ ọ́ síta, ẹ máa wá a títí dé ìsàlẹ̀ ojúewé, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Bó bá sì ti tó èyí tó kéré jù tí wọ́n gbà kí ẹ yọ, ẹ yọ ọ́. Ẹni tó ń tọ́jú póìǹtì de Kérésìmesì, ẹlòmíràn ló ń bá tọ́jú rẹ̀.

Ẹ má ra ìbọ̀sẹ̀ torí ìkòkò

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ra ìkòkò lórí fóònù níṣojú mi. Ìkòkò kan péré ni, 17,500 náírà. Ó fa ojú fóònù wálẹ̀, ó rí i pé tí ọjà òun bá pé 20,000, wọn ò ní gba owó ìgbéwá, tó jẹ́ 1,800. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tó máa dí àlàfo náà. Ó mú ìdérí ìkòkò, 2,200 ni, kò tó. Ó dá a padà. Ó mú síbí ìrokà méjì, kò tó. Ó wá mú ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, àpò kan, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó kéré jù nínú ilé náà ti wà ní yunifásítì.

"Àǹtí, ta ló fẹ́ wọ ìbọ̀sẹ̀ yìí?"

"Ọkọ mi, èmi ò sọ ti wíwọ̀. Kí wọ́n má ṣáà gba owó ìgbéwá lọ́wọ́ mi."

3,100 náírà ló ra ìbọ̀sẹ̀ náà, kó má bàa san 1,800. Ilé-iṣẹ́ tó tà á fún un tún fi póìǹtì lé e. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, ìbọ̀sẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, lórí fíríìjì.

Mi ò bá a wí. Àwọn tó ṣe iye 20,000 yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n wo iye tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ná lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbé odi náà sókè díẹ̀ ju ibẹ̀ lọ, kí ó má ga jù tí a fi máa pa dà sẹ́yìn, kó má sì kéré jù tí a fi máa gbà á kọjá láìfi nǹkan kún un. Wọ́n tún mọ nǹkan mìíràn nípa wa. Lọ́dún 2006, àwọn olùkọ́ yunifásítì méjì ní Amẹ́ríkà, Joseph Nunes àti Xavier Drèze, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Wọ́n pín káàdì 300. Ìdajì rẹ̀ ní ojú mẹ́jọ tí wọ́n máa lù ní òǹtẹ̀: tí ẹ bá fọ mọ́tò ní ìgbà mẹ́jọ, wọ́n á bá yín fọ ìkan lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdajì kejì ní ojú mẹ́wàá, àmọ́ wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí méjì nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀, ìgbà mẹ́jọ náà ni. Síbẹ̀, nínú 100 àwọn tó gba káàdì àkọ́kọ́, 19 ló fọ mọ́tò títí tó fi kún. Àwọn tó gba ìkejì, 34 ni. Òǹtẹ̀ méjì tí kò tó nǹkan, tí kò ná àwọn tó ń fọ mọ́tò ní ohunkóhun, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ oníbàárà tó padà wá di ìlọ́po méjì.

Ẹ wá rántí ohun tí áàpù tuntun máa ń kọ́kọ́ sọ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i: "Ẹ kú oríire! A ti fún yín ní póìǹtì 200." Òǹtẹ̀ méjì yẹn ló dé.

Nǹkan tí mo máa ń sọ fún àwọn ará ilé wa ni pé kí wọ́n fi àtàǹpàkò bo ibi tí wọ́n kọ ẹ̀bùn sí lójú fóònù, kí wọ́n wo iye owó ọjà nìkan. Ṣé ẹ máa rà á ní iye yìí? Ẹ rà á, kí ẹ sì gba ẹ̀bùn rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Tí ẹ ò bá ní rà á, ẹ ti mọ iye tí ẹ̀bùn náà fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín.

Ó ní ibi tí káàdì wúlò o, mi ò ní purọ́. Láti 2019 ni Tesco ti ń kọ iye owó méjì sára pákó ìtajà wọn, ọ̀kan fún ẹni tó ní Clubcard, èyí tó wọ́n jù fún ẹni tí kò ní. Ọ̀pọ̀ ló sọ pé jìbìtì ni, pé wọ́n kọ́kọ́ ń fi owó lé e kí wọ́n tó ní àwọn dín in. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àjọ tó ń mójú tó irú ọ̀rọ̀ báyìí, CMA lorúkọ rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì sọ ní ìparí ọdún 2024 pé ẹ̀dínwó tòótọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí oníbàárà ṣì máa wo ibòmíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ sí Tesco tẹ́lẹ̀, tó wá ń san owó aláìníkáàdì torí pé kò fẹ́ kí wọ́n mọ iye tòmátì tó ń jẹ, ó ń fìyà jẹ ara rẹ̀ ni. Kó gba káàdì. Àmọ́ kó má kọjá iwájú Aldi, ilé ìtajà mìíràn, lọ sí Tesco torí póìǹtì.

Ẹ wo ẹnu ọ̀nà àbájáde kí ẹ tó wọlé

"Oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kàn fi nọ́ńbà káàdì yín síbẹ̀." Kí lẹ rò pé wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà káàdì ṣe nídìí ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́?

Amazon Prime, ètò tí àwọn oníbàárà ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì Amazon ń sanwó láti wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2005, 79 dọ́là lọ́dún. Láti 2022, ó ti di 139. Wíwọlé síbẹ̀ kò ju kí ẹ tẹ bọ́tìnì kan lọ. Jíjáde ló ṣòro. Orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ Amazon ń pe ètò ìjáde náà láàárín ara wọn ni Iliad, ìyẹn ewì àtijọ́ àwọn ará Gíríìsì tó gùn bí ọjọ́ ebi, tó dá lórí ogun tí kò tán bọ̀rọ̀. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Àjọ FTC, tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, pé wọ́n ń fi ọgbọ́n kó àwọn èèyàn sínú Prime, wọ́n sì ń dí wọn lọ́nà àtijáde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Amazon gbà láti san bílíọ̀nù 2.5 dọ́là, bílíọ̀nù 1.5 nínú rẹ̀ fún àwọn oníbàárà.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, 50 náírà àti 100 náírà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ ji lówùúrọ̀, kírẹ́díìtì ti dín: ẹ ti "ṣe sọ́bù" fún orin tí ẹni tó bá pè yín máa gbọ́, tàbí fún ọ̀rọ̀ ìyànjú ojoojúmọ́ tí ẹ ò kà rí. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń fi fóònù ṣeré lè ti tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ní nọ́ńbà kan tó ń dá ìpolówó wọn dúró. Ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, gbogbo àwọn tó ń polówó ọjà sórí fóònù yín á dákẹ́. Tí ẹ bá sì gba ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún oṣù kan, ọjọ́ tí ẹ bá gbà á gan-an ni kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fagi lé e, kí ẹ sì fi áláàmù sí fóònù fún ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí. Ìrántí tí ẹ ò ní ni wọ́n fi ń ṣòwò.

Ẹ ṣírò dátà, iná àti ìka

Lọ́dún 2024, ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Ìwó Róòdù lọ sí Challenge máa rí ohun tí mò ń wí. Ìka ń rọ̀ lójú fóònù bí òjò. Hamster Kombat ni, eré kan lórí Telegram. Ẹ ó máa tẹ ẹranko kékeré kan tó jọ eku, owó-ẹyọ á máa gòkè. Ẹ ó fi owó-ẹyọ ra káàdì, káàdì á máa pa owó-ẹyọ mìíràn wọlé, àmọ́ fún wákàtí mẹ́ta péré. Tí wákàtí mẹ́ta bá pé, ó ti dáṣẹ́ dúró nìyẹn, àfi kí ẹ padà wá ṣí i. Ojoojúmọ́ tún ni àdììtú kan wà tí wọ́n máa ń fi àmì Morse tẹ̀, tó ń gba àtẹ̀mọ́lẹ̀ gígùn àti kúkúrú. Ọ̀dọ́mọkùnrin onígbàjámọ̀ tó ń gẹ irun mi mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ó fá apá òsì orí bàbá kan tán lójú mi, ó gbé abẹ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe sùúrù, wákàtí mẹ́ta ti pé."

Bàbá náà jókòó pẹ̀lú orí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Ẹ má bú wọn pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Ìdí wà tí wọ́n fi gbà á gbọ́. Notcoin, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, san lóòótọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, àwọn kan sì rí owó gidi níbẹ̀. Nítorí náà, ìrètí wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìṣirò. Nígbà tí Notcoin san, gbogbo ayé gbọ́, gbogbo ayé sì ya bo ti hamster. Ohun tí wọ́n fẹ́ pín kò sì lè pọ̀ bí àwọn tó fẹ́ pín in. Nígbà tí ọjọ́ pé, ní 26 oṣù kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ ṣí àpò wọn, wọ́n rí ohun tí kò tó owó dátà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Onígbàjámọ̀ mi ò sọ iye tirẹ̀ fún wa, ó ṣáà gbé abẹ.

Pi Network tún wà, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2019. Títẹ̀ kan lójúmọ́ ni, nítorí náà kò jẹ dátà tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó di oṣù kejì ọdún 2025 kí ó tó jáde síta, tí ẹni tó bá ní i fi lè gbé e lọ sí ọjà tà. Ẹnì kan ti bí ọmọ láàárín ìgbà yẹn, ọmọ ti wọ ilé-ìwé.

Tó bá wù yín láti tẹ̀, ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ dátà sí i, ẹ kọ owó tí ẹ san níbi tí wọ́n ti ń bá yín ṣáàjì fóònù, ẹ kọ wákàtí, kí ẹ sì fi iye tí ẹ̀ ń gbà lójúmọ́ níbi iṣẹ́ wọn wákàtí náà. Tí ẹ bá rí ìwé yẹn tí ẹ ṣì fẹ́ tẹ̀, eré ni ẹ ń ṣe nìyẹn, eré ò sì lòdì sófin.

Ọ̀tọ̀ ni èyí tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ mú owó wá. Ìyẹn ti jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn. MMM, ètò sọ-owó-di-púpọ̀, ti ilẹ̀kùn pa ní oṣù kejìlá ọdún 2016, pẹ̀lú owó Kérésìmesì àwọn èèyàn nínú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX ṣe bẹ́ẹ̀ náà, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ owó mọ́, àwọn tínú ń bí sì lọ ya bo ọ́fíìsì wọn ní Òkè Àdó ní Ìbàdàn, wọ́n ń gbé àga. Ẹ wo iye ọdún tó wà láàárín méjèèjì: àwọn ọmọ tó wà ní praimárì nígbà MMM ló wá kó owó wọn sínú CBEX.

Líǹkì inú WhatsApp

Èyí ò gba àlàyé púpọ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń pín 50GB fún ẹni tó bá fi líǹkì ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ méjìlá. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà OTP tí báǹkì bá fi ránṣẹ́, kódà tó bá ní ọ̀gá báǹkì ni òun, kódà tó bá mọ orúkọ oríkì yín.

Ibi tó le níbẹ̀ ni pé ìyá ẹni ló sábà ń fi líǹkì náà ránṣẹ́, pẹ̀lú àdúrà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe bá wọn wí ní gbangba nínú ẹgbẹ́ ẹbí. Ẹ pè wọ́n sí kọ̀rọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ àánú, Màámi. Ẹ̀bùn yẹn ti tán, àwọn gbájúẹ̀ ló ń lo orúkọ wọn báyìí. Tí ẹ bá tún rí irú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi hàn mí." Wọ́n á fi hàn yín. Wọ́n á sì tún fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìjọ, àmọ́ ó ti dín ẹgbẹ́ kan kù.

Ẹ má rò pé ẹ gbọ́n ju ilé-iṣẹ́ lọ

Àwọn kan ń ṣí àkáǹtì márùn-ún lórúkọ àbúrò, àbúrò ọkọ àti ọmọ tí wọn ò tíì bí, kí póìǹtì lè pọ̀. Àwọn mìíràn ń fi VPN ṣe bí ẹni pé Texas ni wọ́n wà. Microsoft Rewards kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé àkáǹtì kan ni fún ẹnì kan, wọ́n sì lè ti àkáǹtì pa pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ máa ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́fà, wọ́n á tì í pa lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́. Ta lẹ fẹ́ fẹjọ́ sùn?

Gift card náà ní ìlú tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ní Houston lè fi inú rere ra ti Apple ránṣẹ́ sí yín, kó má wọlé rárá torí pé àkáǹtì yín kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Bákan náà ni ti Amazon, èyí tí wọ́n rà fún Amẹ́ríkà kò ṣiṣẹ́ ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n kó tó rà á, kó má baà di pé ẹ ń wá ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín ní ẹ̀dínwó lórí Telegram. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́gbọ́n mìíràn ti ń dúró dè yín.

Ẹ wo Honey. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, á máa bá yín wá kóòdù ẹ̀dínwó lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn èèyàn ń sọ pé àwọn ti rí àwọn ilé ìtajà gbá mú. Ní ìparí ọdún 2019, PayPal kéde pé òun máa rà á ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Bílíọ̀nù mẹ́rin, nítorí ohun tí a rò pé àwa là ń fi gbá wọn mú. Lọ́dọ̀ wa náà, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni WhatsApp, ní oṣù keje ọdún 2024 lórí ọwọ́ tí wọ́n fi mú ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń lo WhatsApp, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ sì fara mọ́ ọn ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Tí orúkọ yín, nọ́ńbà yín àti ibi tí ẹ ti jẹun lánàá ò bá lówó lórí, kò sẹ́ni tó máa jà lórí wọn tó bẹ́ẹ̀.

Bónọ́ọ̀sì tó máa kú lóru

Ó ku ọ̀kan, tó ń bí mi nínú ju gbogbo wọn lọ. Ẹ kó kírẹ́díìtì 200 náírà, wọ́n fún yín ní 800 bónọ́ọ̀sì, ó máa kú ní aago méjìlá òru. Ohun tí ẹ ò ní lò tẹ́lẹ̀, ẹ wá ń wá ẹni tí ẹ máa lò ó fún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, NCC tiẹ̀ fòfin de àwọn promo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí àwọn tó ń lo àwúùfù ti dí ojú ọ̀nà, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ ò ríbi gbà.

Ẹ má ṣe pe àgbàlagbà ní aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ torí bónọ́ọ̀sì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìpè aago mọ́kànlá àbọ̀ ní ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé irú ìpè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tó sọ "ẹ ń lẹ́ sà" tán, ó ti ń pariwo pé "Ta ni? Ta ló kú?" Ìyàwó rẹ̀ ti dìde, ó ti ń wá gèlè. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Ṣàgámù ló pè. Ó ní òun ní ìṣẹ́jú méjìdínlógún tó kù, òun ní kí òun kàn kí wọn.